Awò Ojú Kọ̀yà

Ẹ̀yin náà ti fura: kò sí ohun tó ṣe ojú Kọ̀yà. Ọmọkùnrin tó ń dúró sí etí Marine Beach ka orúkọ lára ọkọ̀ ojú omi tó wà lókèèrè, kí ló fẹ́ fi awò ojú ṣe? Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ní Warehouse Road, ó sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀gá tó wọ awò kì í pariwo kí ènìyàn tó fetí sí wọn. Ayé ìgbà tí a ṣì ń ná ṣílè ni nígbà náà. Ó ra ọ̀kan lórí àtẹ, jígí lásán, wáyà tín-ín-rín, ó gbé e ka imú.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gan-an ni Kíkẹ́lọmọ yọ sí i ní ibùdókọ̀ Olodi-Apapa. Gáùn aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó tò síbẹ̀, Kọ̀yà ló wá bá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síwájú bọ́lẹ̀kájà tó ń bọ̀ yẹn.”

Kọ̀yà ti awò rẹ̀ sókè. Ó ka ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ó tún túmọ̀ òwe tó wà lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ọmọbìnrin náà ní ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀yà gbà pé awò ló ṣe é.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jọ dúró de mọ́tò. Ọmọ alàgbà ìjọ ni Kíkẹ́lọmọ, kì í sún mọ́ ọkùnrin; níbi tó bá dúró sí, á fún ojú pọ̀, á máa wo Kọ̀yà. Ìfẹ́ ni Kọ̀yà pe ìyẹn.

“Ta lo kí lẹ́ẹ̀kan yẹn?” ni Kọ̀yà bi í lọ́jọ́ kan. “Òpó iná mà ni.”

“Ìwọ lo gba ọkàn mi, akọ̀wé mi.”

Kọ̀yà tún ti awò sókè.

Nígbà tí Kọ̀yà dé iwájú bàbá Kíkẹ́lọmọ, tí kò fẹ́ fọmọ fún aláìmọ̀wé, awò náà ló kọ́kọ́ wọlé. Bàbá fi àga hàn án. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ̀ kí àsìkò àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó tó. Awò bàbá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó sì na ọwọ́ bí àwọn àgbà ti í ṣe síra wọn.

“Yá mi ní tìrẹ, kí n fi ka Sáàmù.”

Bàbá wọ̀ ọ́, ó wo Bíbélì, ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́.

“Jígí fèrèsé nìyí. Ẹni tó fi irọ́ bojú, kí ni yóò fi bo ọmọ mi?”

Ó ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kọ̀yà padà wá pẹ̀lú ojú lásán, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní irọ́ ni awò, ọ̀rọ̀ Kíkẹ́ kì í ṣe irọ́. Bí bàbá bá sì gbà, ojú òun tó dá ṣáṣá yìí lè máa bá wọn ka Sáàmù títí awò wọn yóò fi dé. Bàbá gbé Bíbélì fún un. Ẹni tó ń tún awò ṣe kò yára. Nígbà tí awò fi máa dé, ohùn Kọ̀yà ti di ara ilé, bàbá sì gbé awò ọ̀hún sílẹ̀, ó ní kó ṣì máa kà á lọ.

“Ní ti ọ̀rọ̀ yẹn,” ni bàbá wí, “lọ bi Kíkẹ́ fúnra rẹ̀.”

Lẹ́nu ọ̀nà, Kọ̀yà ní, “Mo jẹ̀bi. Torí kí o lè kà mí sí ni mo ṣe ń wọ awò yẹn. Ṣé wàá fẹ́ mi bí mo ṣe wà yìí?”

“Mo ti gbà tipẹ́.”

Kíkẹ́lọmọ tọwọ́ bọ àpò, ó fa awò ojú kan yọ tí jígí rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, èyí tí ìyá rẹ̀ ní kó máa fi pamọ́ títí yóò fi rí ọkọ. Ó wọ̀ ọ́. Ó wo Kọ̀yà láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Akọ̀wé mi, kí bàbá tó tọrọ awò lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé o ń wọ awò.”