Oògùn Orí

Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ilé ìwòsàn àdúgbò ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Páálí oògùn tí dókítà ọpọlọ fi ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn ńlá fún ìyá aránṣọ ti di àwátì.

Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oorun ò kan ojú ẹ̀ mọ́. "Tí n ò bá rí i lò, ohùn yẹn á padà wá," ó ní. "Ìgbà tó wá kẹ́yìn, gbogbo aṣọ oníbàárà ni mo gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ."

Inspẹ́kítọ̀ Ojú-Àṣá, ọlọ́pàá tó lè rí ìpéǹpéjú èèrà láti orí òrùlé, pe dókítà ọpọlọ lórí fóònù.

"Mo fi ránṣẹ́. Olè pọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ó bi dókítà àdúgbò.

"Ọ̀gá, kò sí oògùn wèrè kankan tó wọ ibí. Ẹ lọ bi àwọn tó ni ín."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá odindi inspẹ́kítọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Inú bí i débi pé fìlà ẹ̀ ń gbóná. Ó jáde síta, ó bá onígbàjámọ̀ tó sun oorun lé orí oníbàárà, oníbàárà náà ń hanrun. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì ń hanrun tiẹ̀, irin géètì ń gbọ̀n.

Ó jí mẹ́gáàdì náà. "Bàbá, ṣé ẹ mutí ni?"

"Rárá, sà. Orí ló ń fọ́ mi, nọ́ọ̀sì fún mi ní nǹkan. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́..." Oorun gbé e lọ.

Ojú-Àṣá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn sínú yàrá dókítà.

"Dókítà ọpọlọ, kí lẹ kọ sára páálí yẹn?"

"Oògùn orí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́."

"Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá gbé oògùn orí fún ẹ, ta lo máa fún?"

"Ẹni tí orí ń fọ́, sà. A ti pín in tán."

"Ẹ gbọ́? Olè kankan ò wá síbí. Oògùn tó yẹ kó fún ẹnì kan lóorun ló ń mú gbogbo àdúgbò sùn. Ìpè kan péré ì bá ti yanjú ẹ̀. Ta ni ò pe ẹnì kejì?"

Dókítà àdúgbò wo ilẹ̀. "Ó pè. Mi ò gbé e. Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀."

"Èmi náà ò wá pè mọ́," dókítà ọpọlọ ní. "Ṣé kí n máa bẹ dókítà ikọ́ àti inú rírun ni?"

Ìyá aránṣọ gbójú sókè. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, tó bá tún tán, ọ̀dọ̀ ta ni kí n wá?"

Àwọn méjèèjì nàka síra wọn.

Ojú-Àṣá yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó de ọwọ́ dókítà kan mọ́ ti ìkejì. "Màmá, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni. Ẹ̀yin, ẹ jọ lọ gbé oògùn wọn wá. Ìgbà yẹn ni màá tó rántí ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yìí sí."