Wọ́n Ní Ọ̀fun Ń Dùn Ún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin kan rí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe yìí, fóònù tó ti kú ló ń bẹ̀. Ó tẹ orí mọ́ ọn lábẹ́ iná tábìlì, irin tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má ṣe báyìí dójú tì wá nígboro o! Ẹ dìde ṣáápù, sísí ń wò wá."

Fóònù tàn. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Òun tó ń ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò, tí ọ̀rọ̀ kì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, èdè ìgboro ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fóònù yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má gbóhùn ara wọn.

"Ìfẹ́ mi, ka ìròyìn fún mi."

"Ìròyìn ni pé o ò tíì jẹun."

"Irọ́ burúkú! Ẹ̀rín rẹ ti yó mi."

Ṣùgbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, kì í ka ìwé ìròyìn láìfi bíírò pupa samì sí àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà máa mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé, ẹ̀rù èdè ìgboro Dókítà bà á lẹ́nu géètì.

"Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀. Màá ní ọ̀fun ń dùn ẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Bàbá fúnra wọn ló gbé omi gbígbóná àti oyin wá. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Rọra mu ún."

Ife mẹ́ta ni Dókítà mu láìla ẹnu sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè mọ́.

Ọmọbìnrin náà jẹ́wọ́ irọ́ náà fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbé bíírò wọn sílẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ ẹ. Ta ló kọ́ ẹ láti máa fi èèyàn tijú?"

Ọmọbìnrin náà sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dókítà. Dókítà dìde, ó kí i ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, bí ẹni ń kí oníbàárà tí kò rí rí. Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ ló ti ń lọ láti ọjọ́ yẹn.

"Má bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Mo ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí àwàdà bá dé ẹnu mi báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá kí n gbé e mì."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Dókítà jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní òkúta nínú, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó, ìyàwó súnmọ́ etí rẹ̀.

"Èdè ìgboro rẹ ni mo fẹ́."

"Fún mi lákòókò, olólùfẹ́."

Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bó di ogún ọdún, màá máa tẹ́tí."