Àlàfo Inú Abọ́ Òdòdó

"Ìyàwó, gbé ìwé yẹn kúrò lójú mi. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, sọ ọ́ jáde."

Muminat mọ̀ dájú pé Salihat ò lè sọ ọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fọhùn títí oṣù méjì yóò fi pé. Ohun tó kọ sínú ìwé ọ̀hún kò ju èyí lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé Sensei ló fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí wo? Ọdún mẹ́sàn-án ni Salihat fi ju Muminat lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ ni Muminat, ìyàwó ló bá a nílé, nítorí náà Salihat ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ nínú fúláàtì wọn ní Uptown lókè òkun, bí ẹni pé Ìlọrin ni wọ́n ṣì wà.

"It's over," ni Jìbírílù ọkọ rẹ̀ wí, ojú ẹ̀ wà lára fóònù. "Sensei ní ẹni tí ò lóhùn ò lè teach. Muminat á máa mú class yẹn lọ. Ó ti ń wò ẹ́ since last year, kí ló kù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lóhùn," ni Muminat fi kún un. "Ó to òdòdó mẹ́ta, ó wá ń pe ara ẹ̀ ní professor."

Irọ́ ni, irọ́ burúkú. Ìyá Nakagawa, arúgbó ará Japan tó fi ọdún méje kọ́ Salihat ní títo òdòdó, ni wọ́n ń pè ní Sensei, ìyẹn olùkọ́, ìyá náà kò sì sọ nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Jìbírílù ló fi email ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé òun Salihat ti padà sí Nàìjíríà, kí wọ́n fi kíláàsì òun lé Muminat lọ́wọ́. Kí ló fà á? Wọ́n ń pè é ní "ọkọ Sensei" ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ń dùn ún dé egungun. Sátidé tó ń bọ̀ ni Muminat máa gba pátákó olùkọ́, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó yege sí, tí Salihat ti ń fojú sọ́nà fún láti ọjọ́ pípẹ́.

Salihat sunkún láìlóhùn, ó sì lọ fọ abọ́. Kí ni kó ṣe?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ yẹ ọ̀fun wò. Nọ́ọ̀sì tó jáde wá pè é ni Ọmọ́níkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ òdòdó lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí Salihat? Wọ́n ní ẹ ti go back for good."

Salihat kọ ojú ìwé mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ọmọ́níkẹ́ kà á tán. "Saturday, I'm picking you up, ma. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé."

Ní Sátidé, Muminat dúró níwájú kíláàsì, Jìbírílù ń ya fídíò. Ìyá Nakagawa gbé abọ́ òdòdó tí Daud, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tò síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó bá a tún un ṣe.

Muminat rí i pé abọ́ náà ṣófo lápá kan. Ọmọ Yorùbá wo ló ń gbé abọ́ tí ò kún síwájú àlejò? Ó ki lílì mẹ́ta bọ àlàfo náà, ó fi ewé kún un títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí Salihat kọ́ wọn ni pé àlàfo náà wà lára òdòdó, pé yíyọ ni olùkọ́ ń yọ, kì í fi kún un.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni Ìyá Nakagawa bi í.

"Ìyàwó wa ni, before she left for Nigeria."

"She never left," ni Ọmọ́níkẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà.

Salihat wọlé. Jìbírílù sáré pàdé rẹ̀. "Let me explain. Jọ̀ọ́, má ṣe é níwájú èèyàn." Salihat kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Sensei, ó sì mú àlùmọ́gàjí. Ó yọ lílì kan, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta. Ó yọ gbogbo ewé Muminat, ó sì gé ẹ̀ka kan kúrò lára èyí tí Daud tò.

"That's it," ni Daud wí. "Ohun tí mo ń wá nìyẹn."

"Ta ló wá kọ̀wé sí mi?" ni Ìyá Nakagawa bèèrè. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Jìbírílù. Muminat ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ; láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kẹ́rù lọ sí ìlú Romeoville, ibẹ̀ ló ti ń di páálí ní warehouse títí dòní.

Orúkọ Muminat ni wọ́n kọ sára pátákó náà. Ìyá Nakagawa dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ní tuntun tó máa ní orúkọ Salihat á tó oṣù mẹ́fà kó tó dé láti Japan. Salihat mi orí pé kò burú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé abọ́ wọn wá síwájú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jìbírílù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ wojú òun. Abọ́ mọ́kànlá ló ṣì kù.