Ta Ló Tú Gíábọ́ọ̀sì Fàlílù?

Bí ẹ bá rí èrò tó pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù Láwàlì mẹkáníìkì ní Sángo láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n ń pín ìrẹsì ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ni. Ta ní ń pín ìrẹsì? Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ni wọ́n tú palẹ̀ sórí tábìlì. Láwàlì ń mú àwọn péléètì inú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ní eyín létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà wọ́n sókè kí gbogbo ayé lè rí wọn. Gbogbo wọn ló ti jó dúdú.

"Ẹ wò ó o, ẹ̀yin èèyàn! Ṣé ojúlówó rèé? Ojúlówó ni wọ́n rà fún Fàlílù, ògbólógbòó ló dì padà sínú ọkọ̀ Ọlọ́run!"

"Olè!" ni èrò ké pa pọ̀.

Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjù ni. Òun ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn àti aboyún lọ sí ọsibítù ní Ọ̀tà. Ọtomátíìkì ni, fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gíà. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bàjẹ́, Fàlílù Akíndé ni wọ́n gbé e fún. Fàlílù ra páàtì, ó tún un ṣe, ó sì dá ọkọ̀ padà ní Sátidé. Ní Sọ́ńdè, ọkọ̀ gbé èrò lọ, ó gbé èrò bọ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ṣe mọ́, tí Joy, ìyàwó Jabez tó ń wa ọkọ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n ṣáná sí píkọ́ọ̀pù, ó ń bú ramúramù, kò kúrò lójú kan. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé Joy lé, ẹ̀gbẹ́ títì ló sì bímọ sí. Àánú Ọlọ́run ló yọ ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ò tíì jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí inú fi ń bí aráàlú? Kó tó di ọ̀sán, Fàlílù ti wà ní àtìmọ́lé. Alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní bí ọ̀rọ̀ ò bá yí padà títí di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kò sì ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ láyé ní gbogbo Sángo. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn láti kékeré! Kí wọ́n kúkú sin ín láàyè.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéjọkẹ́ Ọ̀ṣìnúbí ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin yìí fún yín, nítorí ó wù mí láti máa sọ ọ́. Kì í pariwo, kì í gbá ẹnikẹ́ni létí. Ẹ̀pà ló máa ń jẹ látinú báàgì rẹ̀ bó bá ń wádìí ọ̀rọ̀. Kò mọ ọkọ̀ wà páàpáà. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í rí àga jókòó sí níwájú rẹ̀.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù Láwàlì, ó yí tábìlì ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Abọ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Ọ́ìlì wo nìyí?"

"Èyí tí mo fà jáde nínú gíábọ́ọ̀sì yìí náà ni, Màdámù, kí n tó tú u. Ojú Ọ̀gá Seth ló ṣe."

Seth Oyèwùmí, ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró nítòsí pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìnsípẹ́kítọ̀ ki ìka bọ ọ́ìlì náà. Ó pupa, ó mọ́ lóló bí zóbò. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi tíṣù nu ọwọ́.

"Kí ẹ tó tú u, ṣé ẹ ránṣẹ́ pe Fàlílù?"

Láwàlì bú sẹ́rìn-ín. "Màdámù, ta ní í ránṣẹ́ pe olè wá ṣọ́ ilé? Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

"Ẹ ṣeun," ni obìnrin náà wí. Ó ní kí wọ́n gbé abọ́ ọ́ìlì náà tòun tàwọn péléètì lọ sí téṣàn.

Bó ṣe dé àtìmọ́lé, Fàlílù ti ń pariwo kó tó jókòó. Ẹ má rò pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni o. Fánfà rẹ̀ ga ju òrùlé lọ.

"Màdámù, ẹ béèrè mi láti Sángo títí dé Ìdìrókò! Bí gíábọ́ọ̀sì bá ń ṣàìsàn, orúkọ mi ló máa ń pè! Èmi, kí n wá di ògbólógbòó sínú ọkọ̀? Èmi Fàlílù?"

"Ẹ dìde," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe yan páàtì náà."

Kọ́ńsítébù la ẹnu. Wọn ò rí i rí, kí ọlọ́pàá mú afurasí lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì lọ, ó di ìlà àwọn tó ń ta páàtì tòkúnbọ̀, níbi tí Alhaja Àdìzát Àmọ̀dá ti ń ta ẹ̀yà gíábọ́ọ̀sì.

"Ẹ yàn án bí ẹ ṣe yàn án lọ́jọ́ yẹn," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

Háà! Ojú Fàlílù yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbàgbé pé ẹlẹ́wọ̀n lòun. Ó já páálí kan, ó yọ péléètì tuntun kan níbẹ̀, ó gbé e símú, ó jù ú nù. "Gọ́ọ̀mù ló ń rùn. Bí ooru bá mú un díẹ̀, á ṣí." Ó mú tòkúnbọ̀ kan tó rẹwà, ó fi èékánná ra ojú rẹ̀. "Ó ti dán jù. Èyí tó bá ti dán báyìí, kò lè di nǹkan mú mọ́." Ó mú òmíràn, ó gbé e lé orí gíláàsì títẹ́jú, ó tẹrí ba kó lè wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sí. Ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Èyí ni. Ojú rẹ̀ ṣì le, ara rẹ̀ sì gún." Àfi bí ẹni tó ń yan ìyàwó fún àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀pà dúró lẹ́nu Ìnsípẹ́kítọ̀, kò rántí jẹ ẹ́ mọ́.

"Ẹ ti rí i báyìí?" ni Alhaja wí. "Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ló fi ń yọ mí lẹ́nu bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orí rìbìtì tó máa ń gba agbára lára ẹ́ńjìnnì, tí à ń pè ní tọ́ọ̀kì, gbogbo èyí tí mo ní ló gbé sétí, tó ń mì wọ́n. Jabez ń bá a gbé e. Ọ̀gá Seth ní tiẹ̀ ń pòṣé, ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́. Ìgbà tó wá rí èyí tó wù ú, mo fi ọ̀dà èékánná mi sàmì sí i. Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn, kí oníbàárà má lọ gbé ti ẹlòmíràn wá dá padà fún mi."

"Alhaja, bí péléètì bá jó nínú gíábọ́ọ̀sì, báwo ni ọ́ìlì rẹ̀ ṣe máa ń rí?"

"Dúdú ni! Á máa rùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná."

Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Fàlílù. "Àwọn ògbólógbòó tẹ́ ẹ yọ ńkọ́?"

"Mo kó wọn sínú àpò, mo fún Jabez. Olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tá a yọ. Ṣùgbọ́n èmi Fàlílù, mi kì í fún wọn lásán. Mo máa ń fi ayùn irin gé eyín kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aláìṣòótọ́ kan má bàa fọ̀ ọ́, kó tà á bíi tòkúnbọ̀ fún ọmọlọ́mọ̀. Ojú Jabez ni mo ṣe gé wọn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ṣí báàgì, ó wo ọ̀kan lára àwọn péléètì tó jó náà tó mú dání láti téṣàn. Ó dá a padà láì jẹ́ kí Fàlílù rí i. Ó jẹ ẹ̀pà rẹ̀.

Kọ́ńsítébù mú Fàlílù padà sí àtìmọ́lé, Ìnsípẹ́kítọ̀ gba ọsibítù lọ. Jabez wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Joy, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màdámù, ẹ jẹ́ kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n kó jẹrà síbẹ̀! Orí títì ni ìyàwó mi bímọ sí!"

"Bàbá ìkókó, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láàárọ̀ yẹn tí ọkọ̀ kọ̀, ṣé o gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó?"

"Rárá. Ó kàn ń bú ni."

"Ta ni ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́jú?"

"Ọ̀gá Seth ni. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àwọn fẹ́ fọ̀ ọ́…" Jabez fò dìde. "Ọ̀gá Seth tí kì í fọ ife tí wọ́n fi mu tíì!"

"Àpò ògbólógbòó yẹn ńkọ́?"

"Àwọn náà ni mo gbé e fún. Wọ́n tì í mọ́ ilé ìkẹ́rùsí."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Wọ́n kírun tán, gbogbo èrò rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fàlílù. Alága gbé àgádágodo dání. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, Jabez àti Alhaja wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ti mú Fàlílù wá, Láwàlì náà wọ agbádá wá, bí ẹni wá sí ìkómọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ ti ránṣẹ́ sí Seth pé kó gbé àpò ògbólógbòó náà wá, Seth sì gbé e wá.

"Ṣé ohun tí Jabez gbé fún yín gan-an nìyí?"

"Òun ni, Màdámù. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Ẹ ò purọ́," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó da àpò náà sílẹ̀. Péléètì àlòkù ló já jáde. Ó mú ọ̀kan níbẹ̀, ó gbé e lé orí èyí tó jó láti ṣọ́ọ̀bù Láwàlì. Ti inú àpò kéré, kò kún ojú ekejì rárá. "Ọkọ̀ kékeré ló ni eléyìí. Ti píkọ́ọ̀pù dà, Ọ̀gá Seth?"

Seth fọwọ́ tú táì ọrùn rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé péléètì tó jó náà fún Fàlílù.

"Àmì mi!" ni Fàlílù lọgun, ó fò sókè. "Eyín tí mo gé rèé! Ẹ wò ó lára èyí, ẹ wò ó lára ìyẹn!"

"Ojú mi ló ṣe gé wọn," ni Jabez wí. "Èmi ni mo gbé wọn délé."

"Ẹ gbọ́ o," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ẹnikẹ́ni ò pe Fàlílù. Níbi iṣẹ́ yín yìí, ẹni tó di gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó tú u. Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kó wà níbẹ̀? Ìkejì, ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú abọ́ pupa bí zóbò, kò rùn. Àwọn péléètì tó jó yìí ò ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì yẹn rí. Ọkọ̀ ò kọ̀ nítorí péléètì. Ó kọ̀ nítorí pé ẹnì kan fa ọ́ìlì inú rẹ̀ dà nù nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, níbi tó ti ní òun ń fọ ọkọ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù síbẹ̀. Wọ́n wá gbé e lọ fún Láwàlì. Ó yọ èyí tí Fàlílù yàn, ó kó ògbólógbòó inú àpò kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní inú ọkọ̀ lòun ti yọ wọ́n. Ògbólógbòó tí Fàlílù ti gé létí, tó ti fi lé oníǹkan lọ́wọ́! Báwo ló ṣe rìn padà?"

Kọ́ńsítébù kan gbé tọ́ọ̀kì wọlé, àti àwọn péléètì tí ojú wọn ṣì le. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Láwàlì ni wọ́n ti rí wọn. Alhaja Àdìzát sún mọ́ ọn, ó na ìka rẹ̀. Àwọ̀ èékánná rẹ̀ àti àwọ̀ àmì ara tọ́ọ̀kì náà, ọ̀kan náà ni.

Láwàlì kúnlẹ̀ gbì. "Seth ló ní ká ṣe é! Ó ní Pásítọ̀ fẹ́ gba àtúnṣe àwọn ọkọ̀ ilé ìwé tuntun lọ́wọ́ mi, kó gbé e fún Fàlílù, pé oúnjẹ àwa méjèèjì ti tán!"

Òótọ́ ni. Láti ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọ́lé ìwé, ọwọ́ àwọn méjèèjì ló máa ń wà nínú àwo kan náà, wọ́n jọ ń pín owó àtúnṣe ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ dorí kodò. Seth wo Jabez, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé Joy máa rọbí. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

Jabez fò sí i. Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọ̀ṣìnúbí dúró sáàárín, ó fọwọ́ lé e láyà. "Jabez, máa lọ bá ọmọ rẹ. Èyí ti di tèmi." Jabez dúró, ó sunkún, ó wá yíjú sí Fàlílù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilẹ̀ tí ọ́ìlì kún. Fàlílù fà á dìde, ó ní kó má ba aṣọ jẹ́. Alága ò mọ ibi tí yóò gbé àgádágodo ọwọ́ rẹ̀ sí. Ìgbà tó yá, ó lọ fi ti ṣọ́ọ̀bù Láwàlì.

Ọjọ́ tí dókítà ní kí Joy máa lọ sílé, píkọ́ọ̀pù náà ni wọ́n fi lọ gbé e. Fàlílù ti dá àwọn péléètì tó yàn padà sípò wọn. Jabez ló ń wà á, Ìnsípẹ́kítọ̀ jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀, Joy àti ọmọ rẹ̀ Àdúràolúwa wà lẹ́yìn. Fàlílù náà bá wọn lọ, wọn ò pè é. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ sí Ìjù, ó tẹ́ etí sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo wọn dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ìgbà tó pààrọ̀ gíà?"

"Rárá o," ni Joy wí. "A ò gbọ́ nǹkankan."

"Èmi Fàlílù nìyẹn!" ni Fàlílù pariwo, ó fọwọ́ lu itan.

Joy fi ìka lé ètè, ó nawọ́ sí ọmọ tó ń sùn láyà rẹ̀. Ọmọ náà ò tilẹ̀ jí.