Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà náà ń mí lẹ́yìn ògiri, gbogbo wa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀, èyí tó wà níwájú mi á ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ìyá Táyọ̀ ni, ní Ìyànà Ìbà, ní 1998. Kọ̀ǹpútà méjì péré ló wà níbẹ̀, wáyà so wọ́n pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sọ èyí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ní orúkọ ara rẹ̀, Adélékè, kó tó di pé ó kú lọ́dún tó ṣáájú. Inú Adélékè yìí ni pírọ́jẹ́ẹ̀tì Mojí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Mojí. Bí kò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní yunifásítì kí aago méjì ọ̀sán tó lù, kò ní í jáde lọ́dún náà. Ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ti fọ́, ihò díísìkì rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà àfi ká pè é láti iwájú lórí wáyà. Èmi Bàṣírù, atúnkọ̀ǹpútàṣe, ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo sì ti fọ́nnu pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Mo tẹ ADELEKE. Kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀.

"Rọra máa pè wọ́n, Bàṣírù," Ìyá Táyọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń pè ní wọn.

Mo wá fi nọ́ńbà rẹ̀ lórí wáyà pè é dípò orúkọ. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dáhùn ìpè kan. Ara rẹ̀ le nìyẹn, orúkọ ló sọnù. Mo ṣí fáìlì tí a ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹnìkan ti pa Adélékè rẹ́, ó kọ BABA TAYO síbẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni." Kò wojú mi. "Ṣé kí n máa wá pe ọkọ mi lórúkọ lójoojúmọ́ ni? Ilé wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Mo dá orúkọ náà padà, mo tún pè é. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló dáhùn lẹ́ẹ̀karùn-ún, bẹ́ẹ̀ n kò pè é mọ́.

Mo ní kó tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Mojí fò sókè. Ó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ó ku orí ìkẹyìn, ó dákẹ́. Òórùn sìgá gba ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó ń mu sìgá nínú wa. Bébà kan rọra yọ jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: Àyọ̀kẹ́, ìwọ gan-an ni kí o pè mí.

Àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù yẹn kò mọ àmì ohùn kọ rí.

"Ta ni Àyọ̀kẹ́?" mo béèrè.

"Èmi ni. Bàbá Táyọ̀ nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí gidi. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Mojí kúnlẹ̀, omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n."

Ìyá Táyọ̀ kọjú sí ògiri. Ó kọ́kọ́ bẹ gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìjanikin pé kí wọ́n má bínú, ó wá di ojú.

"Adélékè."

"Hẹ́ẹ̀n, Àyọ̀kẹ́," ohùn ọkùnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́ láti yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tẹ orí ìkẹyìn jáde.

Mojí dé yunifásítì kí aago méjì tó lù. Mo lè jẹ́rìí sí i, nítorí èmi ti sá débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.