Òjò Tó Ń Hó Bí Ọṣẹ

Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí i: ọkùnrin gíga kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko létí odò, ó ń fi ojú kan wo inú agolo tó fi ń wọn òjò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbà wo ló wà nínú agolo tẹ́ ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ọkùnrin náà fò dìde, koríko lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Òun ló ń wọn òjò fún iléeṣẹ́ tó ń kìlọ̀ omíyalé fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ ti ọmọbìnrin náà ni láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni sátẹ́láìtì ń sọ nípa òjò tó ń rọ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọnú odò náà.

"Sátẹ́láìtì yín ní òjò ò rọ̀ níbí lánàá," ni ọkùnrin náà wí. "Aṣọ mi sì rin gbingbin."

"Bóyá òógùn ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Orí àwọsánmà ló ń wò látòkè," ni ọmọbìnrin náà ṣàlàyé. "Ó lè má rí òjò wẹliwẹli."

Ìyá ọkùnrin náà, tó ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé wọn tí kò jìnnà síbẹ̀, gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó yọjú wò wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, bí agolo àti sátẹ́láìtì bá ti ta kora, ọmọbìnrin náà á wá wádìí. Wọ́n sì ń ta kora ṣáá. Ilẹ̀ gbẹ, agolo ń kún. Ọkùnrin náà rí i, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà ki ìka bọ inú agolo, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Irú òjò wo ló ń hó bí ọṣẹ?"

Ìyá gbé báàfù rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, èmi ni. Mo rí i pé bí agolo ò bá kún, o ò ní wá."

Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Mà, tá a bá fi omi ọṣẹ dẹ́rù ba àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, lọ́jọ́ tí omi bá ń bọ̀ lóòótọ́, ta ni yóò gbà wá gbọ́?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n da gbogbo iye òjò tí òun ti kọ ránṣẹ́ nù, bí wọ́n bá sì fẹ́ lé òun, kí wọ́n lé òun. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò lé e. Wọ́n fi ọgbà irin yí agolo ká, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọgbà náà pa.

Ọmọbìnrin náà ò wá mọ́. Ilé tí ohùn kan bá ti kúrò nínú rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ilé tí ohùn náà ò dé rí.

Nígbà tó yá, òjò ńlá rọ̀. Ohun tí agolo wí ni sátẹ́láìtì wí. Ó yẹ kí inú ọkùnrin náà dùn. Ńṣe ló fajúro. Àfi bó ṣe rí ẹnì kan tó ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó gbé bàtà lọ́wọ́.

"Iye bára mu," ni ọkùnrin náà wí. "Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wádìí."

"Mo mọ̀. Ṣé ó dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí n tó wá ni?"

"Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ agolo yẹn mọ́."

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ilé: "Kí ni mo tún fẹ́ débẹ̀ ṣe? Èyí tí mo ń bomi rin ti hù!"