Katsíka Tó Ń Jẹ́ Ìpè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹni ẹ̀yìn má baà gbọ́ ààbọ̀. Ẹ̀rín ti ń pa mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ èdè Gíríìkì nawọ́ sí àwòrán ewúrẹ́, ó ní kí ọmọbìnrin darandaran sọ orúkọ rẹ̀ ní èdè náà. Ọmọ ní, "Ewúrẹ́." Ni Ẹnubíabẹ, ọ̀gá aláriwo kíláàsì, bá ké tòò:

"Ẹni tó ń rùn bí òbúkọ kò mọ orúkọ ìyá òbúkọ!"

Ẹ̀rín sọ. "Katsíka ni," olùkọ́ wí.

Ọmọ darandaran gbé omijé mì, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ yìí náà ni n ó fi san án fún un."

Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ, á kọrin:

"Katsíka, ẹ sáré wá o,
Katsíka, ẹ wá jẹ;
Ẹni tó fi yín bú mi,
Ẹ bá mi jẹ tirẹ̀ tán!"

Kò pẹ́, bí wọ́n bá ti gbọ́ "katsíka," wọn a ya bo ẹni tó pè é.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá sílé ìwé, Ẹnubíabẹ dúró láàárín ọgbà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ewé ọ̀dùnkún, ó fẹ́ fi èdè Gíríìkì pe orúkọ àwọn ẹran ọ̀sìn fún wọn. Ọmọ darandaran ti rọra ṣílẹ̀kùn agbo sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà.

"Katsíka!"

Yàà! Ewúrẹ́ dé. Wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ apẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹ síkẹ́ẹ̀tì Ẹnubíabẹ dé orúnkún.

"Ẹ gbà mí o!"

Ọmọ darandaran rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin.

Àmọ́ gbogbo ọmọ iléèwé ti mọ àṣírí. Ibi tí wọ́n bá ti pariwo "katsíka," ewúrẹ́ á fò jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èyí tó lóyún sọdá odò, kò wálé mọ́. Ọmọ darandaran pè é títí ohùn fi há. Ohùn kan ṣoṣo ló lè kọjá odò. Ó gba ilé Ẹnubíabẹ lọ.

"Ta ló ń rùn bí òbúkọ?" Ẹnubíabẹ bi í.

"Èmi ni."

"Mi ò gbọ́!"

"Èmi ni o! Jọ̀ọ́, bá mi pè é."

"Síkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"N ó rán an."

Ẹnubíabẹ pòṣé, ó rẹ́rìn-ín, ó bá a lọ sétí odò pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé tó ń wá ẹran náà, ó lanu: "Katsíkaaa!"

Láti òdìkejì odò: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Wọ́n lọ mú un wálé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀san dùn, àmọ́ ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ má kọ́ ẹran yín ní ohun tí ẹnu ọ̀tá lè pè. Ìyá ọmọ darandaran gbé wàrà àti àgbàdo sísè kalẹ̀ fún gbogbo àwọn tó wá ẹran kiri. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, oníkálukú forí lé ilé, Ẹnubíabẹ sì ń fi ohùn ńlá yẹn kọrin níwájú.